Tọ́bò ti ń fẹ́ dáadáa, ṣé epo ń bá a dé? Ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Súbárù Kubwa:

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹni tó bá ti gbé tọ́bò ńlá (ẹ̀rọ tó ń ti atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì) sórí ọkọ̀ rẹ̀ ní Abuja níbí, iye boost (prẹ́ṣọ̀ atẹ́gùn tí tọ́bò ń tì wọlé) tó lè gbé e dé ló máa ń kọ́kọ́ bi wá. Epo ni mo fẹ́ ká sọ lónìí, torí ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí. Ẹ́ńjìnnì tí atẹ́gùn pọ̀ fún, tí epo kò tó, kò pẹ́ rárá tí orí písítìnì rẹ̀ fi máa yọ́. Mo ti rí irú písítìnì bẹ́ẹ̀ lórí tábìlì mẹkáníìkì kan ní Apo. Ihò ojú rẹ̀ gba ìka.

Subaru WRX 2004 ni tèmi, tókúnbọ̀ láti Amẹ́ríkà, ẹ́ńjìnnì lítà méjì. Họ́ọ̀sìpáwà 300 ni mo ń wá. Kí n tó fọwọ́ kan boost, mo jókòó ṣe ìṣirò. Ẹ́ńjìnnì tọ́bò máa ń jẹ epo bíi 0.6 lb (pọ́n-ùn) ní wákàtí kan fún họ́ọ̀sìpáwà kọ̀ọ̀kan. Fún 300, ó di 180. Injector mẹ́rin (ẹnu tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì) ló máa pín in, 45 kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ a kì í fi injector ṣiṣẹ́ dé góńgó. Bó bá ti ń kọjá ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, kò sí àyè tó kù fún un bí nǹkan bá yí padà. 45 wá di 56, ìyẹn bíi 590 cc ní ìṣẹ́jú kan. Èyí tó bá ọkọ̀ náà wá láti ilé iṣẹ́ fi díẹ̀ lé ní 400. Mo ra 750.

Ó ku pọ́ọ̀ǹpù. Èyí tí gbogbo wa ń pè ní 255 ni mo rà, nítorí lítà 255 tó ń tì ní wákàtí kan la ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀. (Ayédèrú rẹ̀ pọ̀ lọ́jà ju ojúlówó lọ, ẹ ṣọ́ra.) Ẹ má wo nọ́ńbà yẹn nìkan. Bí prẹ́ṣọ̀ bá ṣe ń ga ni epo tí pọ́ọ̀ǹpù ń tì jáde ń dín kù, bẹ́ẹ̀ regulator (ohun tó ń ṣètò prẹ́ṣọ̀ epo) máa ń fi psi kan (psi la fi ń wọn prẹ́ṣọ̀) kún prẹ́ṣọ̀ epo fún psi boost kọ̀ọ̀kan. Tí ìbẹ̀rẹ̀ bá jẹ́ 43.5, tí boost dé 18, géèjì gbọ́dọ̀ ka 61.5. Bí kò bá ka bẹ́ẹ̀, epo kò tó nìyẹn, ì báà jẹ́ injector tó tóbi jù láyé lẹ rà.

Mo so géèjì mọ́ ọ̀nà epo, mo lẹ ojú rẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú láti ìta, torí páìpù tí epo wà nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ ibi tí èèyàn jókòó sí. Àbúrò mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òun ló ń kà á. Èmi ń wo wideband, géèjì tó ń sọ iye atẹ́gùn sí epo nínú ẹ́ńjìnnì; bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ń ga, epo ń dín kù nìyẹn. Ní psi 10, kò síyọnu. Nígbà tó di 14, ó yẹ ká rí 57.5, 51 la rí. Wideband kúrò ní 11.4, ó ń sá lọ sí 12.6. Mo gbé ẹsẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ẹlòmíràn á ti sọ pé pọ́ọ̀ǹpù náà ni kò dáa. Mo fi míítà wọn iná tó ń dé ìdí rẹ̀: fóòtì 13.9 wà lórí bátìrì, 11.1 ló ń dé ọ̀dọ̀ pọ́ọ̀ǹpù. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ṣe fún pọ́ọ̀ǹpù àtijọ́ ni tuntun ṣì ń lò. Mo ní kí wọ́n fa wáyà tó nípọn láti bátìrì, fíúùsì nítòsí bátìrì gan-an, rélè (súíìsì tí iná kékeré ń jí) lẹ́yìn, kí wáyà àtijọ́ wá máa jí rélè nìkan. Iná di 13.5. Nígbà tí a tún gbé e jáde, prẹ́ṣọ̀ bá boost gòkè títí dé 18, wideband kò sún. Àbúrò mi pàtẹ́wọ́ nínú ọkọ̀!

Ẹ̀yin ńkọ́?

Ríwáyà Sabon Gari, Kano:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Iṣẹ́ ọwọ́ mi lẹ sọ yẹn, ẹ jẹ́ n fi díẹ̀ kún un.

Áàtì, wáyà tó ń dá iná padà sí bátìrì, ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Wọ́n á fa wáyà rere wá láti bátìrì, wọ́n á wá fi áàtì àtijọ́ tó ti dípẹtà sílẹ̀. Ojú kan náà ni iná máa ń pòórá sí. Ẹ wọn ẹgbẹ́ méjèèjì nígbà tí pọ́ọ̀ǹpù bá ń ṣiṣẹ́. Ìwọ̀n tí ẹ bá ṣe nígbà tó dákẹ́ kò sọ nǹkan kan fún yín.

Èkejì, wáyà ilé. Mo bẹ yín. Mo ti tú ọkọ̀ tí wọ́n fi wáyà ilé oníkókó kan ṣoṣo wáyà rẹ̀. Ó nípọn lóòótọ́, àmọ́ ọkọ̀ ń gbọ̀n, wáyà tí kò ní okùn wẹ́wẹ́ nínú máa ń dá. Ọ̀gbẹ́ni tó ni ọkọ̀ yẹn wà lójú títì láàárín Zaria sí Kano lálẹ́ nígbà tó dá. Ọlọ́run ló yọ ọ́.

Ẹ má sì lu ihò sórí ìdérí táǹkì kí ẹ ti wáyà bọ̀ ọ́ kí ẹ fi gọ́ọ̀mù dí i. Epo bẹntiróòlù máa ń jẹ gọ́ọ̀mù, èéfín rẹ̀ á sì máa jò síbi tí ọmọ yín jókòó sí. Wáyà tó wà nínú táǹkì gan-an gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí epo kò lè jẹ ara rẹ̀.

Gọ́ọ̀fù Barnawa, Kaduna:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Golf GTI 2006 ni tèmi, 2.0 FSI, tirẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti Bọ̀dá Kubwa. Pọ́ọ̀ǹpù méjì ló ní. Ọ̀kan wà nínú táǹkì, èkejì wà lórí ẹ́ńjìnnì, kámù (irin tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì) ló ń tì í, prẹ́ṣọ̀ rẹ̀ sì lé ní 100 bar (bar kan jẹ́ psi bíi 14.5) torí inú sílíńdà gan-an ló ń fọ́n epo sí.

Lẹ́yìn tí wọ́n yí kọ̀ǹpútà rẹ̀, iná ẹ́ńjìnnì ń tàn nígbà tí mo bá fẹ́ sáré, kóòdù P0087, ìyẹn ni pé prẹ́ṣọ̀ epo kéré jù. Mẹkáníìkì kan ní kí n ra pọ́ọ̀ǹpù táǹkì tó tóbi. Mi ò gbà. Mo ti kà nípa ife irin kékeré kan tó wà láàárín kámù àti pọ́ọ̀ǹpù òkè, mo ní kó tú ibẹ̀ fún mi wò kí n tó ná kọ́bọ̀. Nígbà tó yọ ọ́, àwọ̀ dúdú orí rẹ̀ ti họ, àárín rẹ̀ ti jinlẹ̀ bí ojú ọlọ tí wọ́n ti ń lọ ata lórí rẹ̀ láti ọdún gbọ́nhan. Ká ní ó lu, á jẹ kámù, á sì ba pọ́ọ̀ǹpù náà jẹ́. Ife yẹn kò wọ́n rárá ní ẹ̀gbẹ́ ohun tó ń dáàbò bò.

Ẹni tó bá fẹ́ gbé pọ́ọ̀ǹpù òkè tó lágbára sí irú Golf yìí, kó mọ̀ pé ife náà á tètè máa jẹ sí i. Gbogbo ìgbà tí mo bá pààrọ̀ ọ́ìlì ni mo ń yẹ̀ ẹ́ wò báyìí.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Jos:

Ẹ má gbàgbé epo fúnra rẹ̀. Ní oṣù kejì 2022, ìjọba kéde pé epo tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti wọ orílẹ̀-èdè yìí. Kí wọ́n tó kéde ni wideband mi ti ń sọ fún mi pé epo kò tó, bẹ́ẹ̀ mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Bẹntiróòlù ń fẹ́ atẹ́gùn 14.7 sí epo 1, methanol ò ju 6.4 lọ, nítorí náà injector tó ń fọ́n iye kan náà kò lè tó mọ́. Mo dín boost kù títí epo rere fi padà.

Nígbà tí epo bá wọ́n tí a sì ń ra ti inú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ọ̀nà, omi àti iyanrìn ń bẹ nínú rẹ̀. Asẹ́ ẹnu pọ́ọ̀ǹpù ló máa kọ́kọ́ dí. Ẹ tú u wò.

Àbúrò Lugbe:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín o. Owó injector kò tíì sí lọ́wọ́. Ṣé mi ò lè fi regulator gbé prẹ́ṣọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ sókè kí ti tẹ́lẹ̀ lè máa fọ́n púpọ̀ sí i?

Súbárù Kubwa:

Àbúrò, ó máa fọ́n sí i lóòótọ́, àmọ́ kò pọ̀ tó bó o ṣe rò. Tó o bá gbé e láti 3 bar lọ sí 4, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún péré lo máa rí. Kí epo tó lè di ìlọ́po méjì, prẹ́ṣọ̀ gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin, kò sì sí pọ́ọ̀ǹpù nínú táǹkì rẹ tó lè tì í dé ibẹ̀. Ìwọ̀nba epo tí pọ́ọ̀ǹpù ń tì gan-an lo tún ń dín kù bó o ṣe ń gbé e sókè. Fi boost sílẹ̀ síbi tí ilé iṣẹ́ fi í sí títí owó á fi dé.

Páìpù rọ́bà lásán tí wọ́n ń gé tà ní míítà míítà, má lò ó. Béèrè èyí tí wọ́n kọ 30R9 sí lára fún ìta táǹkì. Ti inú táǹkì ni 30R10, torí epo yí i ká nínú lóde. Lẹ́yìn tí wọ́n bá tò ó tán, ṣí kọ́kọ́rọ́ láìsí pé o tan ẹ́ńjìnnì, kí prẹ́ṣọ̀ wọ inú ọ̀nà epo, kó o wá fi tọ́ọ̀ṣì wo gbogbo oríkèé. Kí ohun èlò panápaná wà nítòsí, kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá níbẹ̀.

Gbé ọkọ̀ náà wá sí Kubwa lọ́jọ́ Sátidé. Géèjì àti míítà wà lọ́wọ́ mi, a ó wọn prẹ́ṣọ̀ àti iná rẹ̀ kó o tó ra ohunkóhun.