Ṣé dandan ni àmì ohùn lórí fóònù?

Ìyá Ìbejì, Àkúrẹ́: Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kọ ọ́ lánàá pé "oko mi baje l'Oja Oba", ọkọ̀ ni mo ní lọ́kàn o, làwọn kan bá ń bi mí pé kí ni baálé mi ṣe, ẹnìkan tún ní mi ò kàwé. Ó dùn mí gan-an. Ṣé dandan ni àmì yìí ni?

Ọmọ Oǹdó: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, èébú yẹn ò dáa rárá. Àmọ́ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, àmì ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Gboard, áàpù ìtẹ̀wé Google, ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá, ẹ gbé e sórí fóònù yín.

Bàbá Àgbà: Kí wọ́n tó yí àkọtọ́ padà ní 1974, "aiye" làwa ń kọ nílé ìwé, ẹ̀yin ń kọ "ayé", a ṣì ń gbọ́ra wa yé. Ẹ máa fi sùúrù tún un ṣe fúnra yín, ẹ̀yin ọmọ mi.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣé sà. Mo ti rí kíbọ́ọ̀dù náà.