Ihò wẹ́wẹ́ ara ọ̀gànwó kò fẹ́ dí: ẹ̀yin tó ń ṣe gìtá, ẹ gbà mí o

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà nídìí iṣẹ́ igi. Ìkòròdú ni mo wà. Àga àti bẹ́ẹ̀dì ni iṣẹ́ tí mo kọ́, àmọ́ gìtá ni mo ń fọwọ́ ara mi kàn báyìí, ìkẹta rèé. Ọ̀gànwó ni mo fi ṣe ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé ihò ara igi yẹn dà bí ìgbà tí èèyàn fi abẹ́rẹ́ gún un.

Mo fi sáńpépà 220 ha á, mo gbọn eruku rẹ̀ kúrò, mo kun síílà (ọ̀dà àkọ́kùn tó ń dí ojú igi) lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo wá fín lákà (ọ̀dà tó ń mú igi dán) lé e. Ó dán gbinrin! Mo ti ń fi yangàn fún ìyàwó mi. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí lákà náà rì, gbogbo ihò tún yọjú. Lára àga, ta ni yóò rí i? Lára gìtá, bí iná bá ti tàn sí i, àbùkù ni.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n po lẹ́búlẹ́bú igi mọ́ gọ́ọ̀mù funfun. Mo dán an wò lórí àjákù pákó: ibi tí gọ́ọ̀mù kù sí kò gba àwọ̀, ó ṣe tótòtó.

Ẹ̀yin tó ń fi epoxy (gọ́ọ̀mù olómi méjì tí wọ́n ń pò pọ̀ kó lè le) dí ihò, ṣé kì í pa ohùn gìtá? Ṣé kí n kọ́kọ́ kun shellac (ọ̀dà igi tí wọ́n ń fi sípíríìtì pò) kí n tó dí ihò ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀? Ọjọ́ mélòó ni kó fi gbẹ, pàápàá lásìkò òjò yìí tí ọ̀rinrin ọ̀sà ń sọ lákà di funfun bí ògì? Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí mo lè rí rà nítòsí ni kẹ́ ẹ dárúkọ.