Ṣé mo ṣàṣejù ni àbí obìnrin yìí kàn ń bínú lásán?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Àwa mélòó kan la jọ ń kó ẹṣin sí ọgbà kan náà, kálukú ló ń tọ́jú tiẹ̀. Lánàá mo débẹ̀ láàárọ̀, mo rí i pé ẹṣin ẹnì kan ti fẹsẹ̀ kọ́ okùn tí wọ́n fi so ó, ó ń jà, ó ti làágùn ṣìnkìn. Mo pe obìnrin tó ni ín lẹ́ẹ̀mẹta, kò gbé e, ni mo bá rọra sún mọ́ ọn látẹ̀gbẹ́, mò ń bá a sọ̀rọ̀ kó má bàa ta mí nípàá, mo tú okùn yẹn, mo bomi fún un, ó parí. Mi ò fún un lóúnjẹ o, torí ẹṣin ò lè bì, tó bá jẹ nǹkan tí ò bá a lára mu, wàhálà dé nìyẹn.

Àfi bó ṣe dé tó ń pariwo lé mi lórí pé ta ló ní kí n fọwọ́ kan ẹṣin òun! Òun tó máa ń fún tèmi ní kárọ́ọ̀tì láì bi mí, tó jẹ́ pé ẹṣin yẹn ti wá ń fimú tú àpò gbogbo èèyàn báyìí, ó tiẹ̀ ti gé mi lọ́wọ́ jẹ.

Ṣé kí n bẹ̀ ẹ́ ni? Àbí ká kúkú kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ẹṣin kọ̀ọ̀kan, ẹni tó lè fọwọ́ kàn án àti nọ́ńbà tá a máa pè? Tó bá tún kọ́ okùn lọ́la ńkọ́, ṣé kí n máa wò ó níran ni?