Ta ló ti yá owó ìjọba nípasẹ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù rí?

Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ kú iṣẹ́ o. Ata, tòmátò àti ẹja gbígbẹ la ń tà ní Ojúwòyè, Múṣin. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ti gba ìwé ìforúkọsílẹ̀ ní Aláúsá, à ń dáwó lóṣooṣù, akápò ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ (ata ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìwé náà láró). Ṣé àjọ LSETF (Lagos State Employment Trust Fund, tó ń yá àwọn oníṣòwò kéékèèké lówó) tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ lọ́dún 2016 máa ń yá ẹgbẹ́ lówó, àbí ẹnì kọ̀ọ̀kan ni? Tí ọ̀díìtọ̀ ò bá tíì yẹ ìwé wa wò ńkọ́? Alárinà kan ní ká sanwó fọ́ọ̀mù sí àkáǹtì òun. Ọkàn mi ò gbà á rárá. Ọ́fíìsì wo gan-an ni ká lọ, ta la ó bi?