Ẹ jọ̀ọ́, RAM kì í ṣe ìrántí, àtẹ ni

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, gbogbo ilé. Mo ka àbá tí ẹ̀gbọ́n wa kan kọ síbí lọ́sẹ̀ tó kọjá lórí orúkọ àwọn ẹ̀yà inú kọ̀ǹpútà, pé RAM, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, kó máa jẹ́ ìrántí, GPU, tó ń ya ohun tá a ń rí lójú skríìnì, kó máa jẹ́ káàdì àwòrán, motherboard, bọ́ọ̀dù tí gbogbo ẹ̀yà yòókù ń so mọ́, kó máa jẹ́ ìyá pátákó, power supply, tó ń pín iná fún wọn, kó máa jẹ́ ẹ̀rọ amúnáwá, bottleneck, ẹ̀yà kan tó ń fa ìyókù sẹ́yìn, kó máa jẹ́ ọrùn ìgò, kí ẹni tó bá sì fọwọ́ ara ẹ̀ to gbogbo ẹ̀ pọ̀ máa sọ pé òun kọ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ ṣeun sà, kò ní rẹ̀ yín, iṣẹ́ ńlá lẹ ṣe. Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ tẹnu mi, torí oṣù tó kọjá lèmi àti àbúrò mi to ọ̀kan fún gémù, owó wa ò pọ̀ rárá, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló sì kó bá wa.

Ká ti orí "kọ́" yẹn bẹ̀rẹ̀, òun ló kéré jù. Tí mo bá sọ fún màmá mi pé mo fẹ́ kọ́ kọ̀ǹpútà, ohun tí wọ́n máa gbọ́ ni pé mo fẹ́ lọ jókòó síwájú tíṣà kí n lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ní Computer Village n'Ìkẹjà, "kọ́pù" lẹ máa gbọ́, "bá mi kọ́pù ẹ̀", bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún jẹnẹrétọ̀. Kọ́pù ò bí mi nínú, ṣùgbọ́n "tò" ti wà nílẹ̀ látayébáyé, a ń to igi, a ń to ẹrù sínú mọ́tò, ká kúkú to kọ̀ǹpútà náà.

Ó wá ku ìrántí. Àbúrò mi ni mo rán lọ sọ́jà, Yorùbá ni mo fi kọ lísìtì fún un torí mo fẹ́ dán àwọn ọ̀rọ̀ wa wò lẹ́nu àwọn tó ń tà á, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé "ìrántí, 16GB". Ó débẹ̀, ó tú ìrántí padà sí mẹ́mọ́rì, ó ní mẹ́mọ́rì lòun ń wá, wọ́n bi í pé èló ló ń fẹ́, ó ní 16, ọkùnrin tó ń tajà ní àwọn kì í tà èyí tó kéré tó bẹ́ẹ̀ mọ́, pé kó mú 256. Bí ọmọ ṣe fowó RAM ra SSD nìyẹn, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú fáìlì àti gémù sí. Tẹ̀ríntẹ̀rín ló gbé e wálé, ó rò pé òun ti rí ẹ̀dínwó gbà, pé 16 lòun bá lọ, 256 lòun gbé bọ̀. Bẹ́ẹ̀ SSD ti wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn tẹ́lẹ̀. A dá a padà lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní ọjà tó bá ti jáde kì í padà. Mi ò bínú sọ́mọ náà torí ohun tí mo kọ fún un ló rà. Gbogbo wa la mọ̀ pé nígboro, mẹ́mọ́rì ni káàdì tó wà nínú fóònù, mẹ́mọ́rì náà ni ibi tí fọ́tò ń wọlé sí, mẹ́mọ́rì náà ni RAM, tí àwa tá a ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ bá wá gbé ìdàrúdàpọ̀ yẹn bó ṣe rí tá a wọ aṣọ Yorùbá fún un, kí la wá ṣe?

Ẹ tún wo ìtumọ̀ ẹ̀ gan-an. Ìrántí ni ohun tó kù sọ́kàn lẹ́yìn tí nǹkan ti kọjá, a ń ṣe ìrántí òkú, a ń kọ́ ilé ìrántí. RAM ò ní nǹkan kan tó kù sí i lọ́kàn. Wọ́n mú iná lọ báyìí, gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ ti lọ.

Ohun tí mo fẹ́ ká máa pè é ni àtẹ, kí SSD àti háàdì díìsìkì jọ máa jẹ́ àká. Ẹ fojú inú wo ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ní ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn. Àwọn àpò tó kó jọ sẹ́yìn, nínú ṣọ́ọ̀bù, àká nìyẹn. Èyí tó tú síwájú, tó gún jọ ṣóńṣó, tí kóńgò wà lórí ẹ̀, tọ́wọ́ ẹ̀ tó láìdìde, àtẹ nìyẹn. Oníbàárà dé, orí àtẹ ló ti ń bù ú, kì í ṣe pé ó máa sáré lọ tú àpò nítorí kóńgò kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ ṣú, ó palẹ̀ àtẹ mọ́, àtẹ ṣófo, àwọn àpò tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù ò kúrò níbẹ̀. Iṣẹ́ tí RAM àti SSD ń ṣe gẹ́lẹ́ nìyí. GTA V, nígbà tó jáde fún kọ̀ǹpútà lọ́dún 2015, ó ju 60GB lọ tó ní òun ń fẹ́ nínú àká, ṣùgbọ́n àtẹ 4GB ló ní ó kéré jù, torí kì í ṣe gbogbo ìlú inú gémù náà ló ń tú síta lẹ́ẹ̀kan, àdúgbò tó o ń wakọ̀ gbà kọjá ló ń pàtẹ ẹ̀. Tí àtẹ bá wá kéré ju ohun tí gémù fẹ́ pa, á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré wọ àká sáré jáde, ìwọ tó o jókòó síwájú ẹ̀ á kàn rí i pé àwòrán ń dúró, ó ń lọ, ó tún ń dúró. Àtẹ yẹn ló yẹ ká fi kún, SSD ńlá ò lè tún un ṣe. Ẹni tí ò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà, tó bá sáà ti dé ọjà rí, ọ̀rọ̀ yìí á yé e.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa ní àwọn kan ti ń pe kíbọ́ọ̀dù ní àtẹ ìtẹ̀wé. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n "ìtẹ̀wé" tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ti yà á sọ́tọ̀, mi ò sì tíì rí ẹni tó lọ sọ́jà tó ní ká fún òun ní àtẹ tó wá gbé kíbọ́ọ̀dù bọ̀.

Káàdì àwòrán náà, ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò lè fara mọ́ ọn. Káàdì tí wọ́n ya nǹkan sí lèèyàn máa rò, bíi káàdì Kérésìmesì. Nǹkan yìí ò tọ́jú àwòrán, yíyà ló ń yà á, ó lè ya 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bó ṣe ń ya ọ̀kan ló ń pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́. Ayàwòrán ni. Pé ayàwòrán ti jẹ́ orúkọ èèyàn ò dí wa lọ́wọ́, agbòjò kì í ṣe èèyàn, amúlétutù kì í ṣe èèyàn. Ohun tó tún mú mi fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí ni pé ó lè bímọ. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà (CPU) míì wà tó ní ayàwòrán tiẹ̀ nínú, bíi Ryzen 5 5600G, ìyẹn jẹ́ ayàwòrán inú ọpọlọ. Èyí tá a ń rà lọ́tọ̀ jẹ́ ayàwòrán adádúró. Tẹ́ ẹ bá wá rí ọpọlọ tó ń jẹ́ Core i5-12400F, lẹ́tà F tó gbẹ̀yìn yẹn ń sọ fún yín pé kò sí ayàwòrán kankan nínú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá rà á tẹ́ ò ra adádúró mọ́ ọn, ojú skríìnì á kàn dúdú ni. VRAM náà, ìyẹn RAM tí ayàwòrán ń lò fún ara ẹ̀, kò nílò orúkọ tuntun, àtẹ ayàwòrán ni, ayàwòrán GTX 1650 ní 4GB, RX 6600 ní 8GB. Èyí tó wà nínú ọpọlọ ò ní àtẹ tiẹ̀, orí àtẹ tí ọpọlọ ń lò lòun náà ń jókòó sí, èèyàn méjì ń tajà lórí àtẹ kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ fún ẹni tó fẹ́ ra 5600G pé kó má ra ẹyọ 16GB kan, kó ra 8GB méjì, torí ẹyọ méjì ń jẹ́ kí ẹrù gba ọ̀nà méjì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé èyí fún àbúrò mi títí, kò yé e. Mo sọ ọ́ báyìí, ó yé e lójú ẹsẹ̀.

Orúkọ tún lè jẹ́ ẹ̀tàn, àwọn tó ń ṣe nǹkan wọ̀nyí náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ayàwòrán RX 580 tó jáde lọ́dún 2017 ní ohun tí wọ́n ń pè ní stream processor, àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké tó ń pín iṣẹ́ yíyà ṣe, 2304 nínú. Ọdún 2018 ni òmíràn jáde ní Ṣáínà tó ń jẹ́ RX 580 náà, 2048 ló wà nínú ẹ̀, ìyẹn iye tó wà nínú RX 570, orúkọ ẹ̀gbọ́n ni wọ́n fi bo ojú àbúrò. Ó kún ọjà tòkunbọ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè 2048 àbí 2304 kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ẹ̀rọ amúnáwá, rárá o. Jẹnẹrétọ̀ nìyẹn, ọmọ ọdún mẹ́wàá mọ̀ ọ́n. Tẹ́ ẹ bá rán èèyàn lọ ra amúnáwá 500W, ó lè gbé tíńtín tó ń mu bẹntiróòlù wálé. Nǹkan tá à ń sọ yìí kì í mú iná wá, 230V tó tara ògiri jáde ló ń rọ̀ lójú, tó ń sọ ọ́ di 12V àti 5V àti 3.3V. Ẹnìkan ti dá apínná lábàá, ó dára létí, àmọ́ àwọn oníròyìn ti fún àwọn ilé iṣẹ́ tó ń gba owó iná lọ́wọ́ wa lórúkọ yẹn. Ní tèmi, ẹ jẹ́ kó wà ní páwà páàkì bí gbogbo ọjà ṣe ń pè é, kò pọn dandan ká sọ gbogbo nǹkan lórúkọ tuntun. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kéèyàn wo iye tó wà lára ẹ̀. Dell OptiPlex 7040 tòkunbọ̀ la rà, Core i5-6500 ló wà nínú ẹ̀, páwà páàkì ẹ̀ ò ju 240W lọ, kò sì ní wáyà tó lọ sára ayàwòrán, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ GTX 1650 la fi sí i, 75W ni, iná ojú ihò tá a ki ayàwòrán bọ̀ lórí bọ́ọ̀dù tó láti bọ́ ọ. RX 580 ń jẹ 185W, ebi ì bá pa á.

Ìyá pátákó, mo fara mọ́ ọn pátápátá. Àwọn tó ní Gẹ̀ẹ́sì la dà kọ, ẹ rántí ìyáàlù. Ìlù tó tóbi jù láàárín dùndún, tó ń darí àwọn omele, ta ló kọ́ wa ká tó pè é ní ìyá?

Ṣùgbọ́n ọrùn ìgò, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Kò sí Yorùbá tó máa gbọ́ ọrùn ìgò tí kò ní wá ọtí. Afàsẹ́yìn ni mo fi kọ ọ́. I5-6500 wa ń bá GTX 1650 rìn dáadáa, tẹ́ ẹ bá so ó mọ́ RX 6600, ọpọlọ lá di afàsẹ́yìn, ayàwòrán á máa dúró dè é.

Ọ̀rọ̀ kan wà tẹ́nikẹ́ni ò ṣẹ̀dá tó wá fúnra ẹ̀. Nígbà tí mo tú fáànù orí ọpọlọ, nǹkan funfun tó wà láàárín wọn ti gbẹ, ó ń ṣí gbẹrẹgbẹrẹ bí ọ̀dà ara ògiri àtijọ́. Mo fi òwú àti sípírítì nù ún títí irin fi ń dán, mo ní kí àbúrò mi na thermal paste, irú nǹkan funfun yẹn tuntun, sí mi, ó ní "ìpara yẹn?" Mo fún un sórí irin, kò tóbi ju hóró ẹ̀wà kan lọ, mo dá fáànù padà. Ìpara ni mo ń pè é látọjọ́ náà.

Èyí tí mi ò tíì rí ojútùú ẹ̀ ni socket, ojú ibi tí ọpọlọ ń wọ̀ sí lórí ìyá pátákó. Tẹ́ ẹ bá ní sọ́kẹ́ẹ̀tì, ara ògiri lèèyàn máa wò. Mo ronú kan ìjókòó: ọpọlọ Ryzen ti jókòó sórí socket tó ń jẹ́ AM4 láti 2017, Ryzen 5 5600 tó dé ní 2022 ṣì jókòó síbẹ̀ náà, AM5 nìyí tó tún yàtọ̀, irú àtẹ tó ń jẹ́ DDR5 nìkan ló sì ń gbà. Àbúrò mi ní ìtẹ́ ló yẹ, pé ìtẹ́ ọba ni, ìtẹ́ ẹyẹ náà ni, ẹyẹ kì í sì í bá ẹyẹ mìíràn du ìtẹ́. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá sí i kó tó di Sátidé, ọmọ ilé kejì ti ní kí n kọ lísìtì tòun náà.