Èsì sí àbá "ìfikújìyà"

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ inú èdè, mo kí yín o.

Mo ka àbá tí ẹ̀gbọ́n wa mú wá, pé kí àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn pa ọ̀rọ̀ náà "ìdájọ́ ikú" tì, kí wọ́n máa lo "ìfikújìyà" dípò rẹ̀. Àlàyé wọn ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu adájọ́ lásán ni ìdájọ́, ìyà náà gan-an la sì ń bá jà. Ohun tí wọ́n ń wá yé mi. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n dá ni n kò lè gbà.

Ẹ jẹ́ ká tú u wò. Ẹni tí ìyà ń jẹ ló ń jìyà. Ẹni tó na ọmọ kò jìyà, ó fìyà jẹ ọmọ ni. "Ìfikújìyà" wá dà bí ohun tí ẹni tó kú fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Gómìnà tó buwọ́ lu ìwé, òṣìṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n tó ta okùn, gbogbo wọn ti sá jáde nínú ọ̀rọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an la ń bá wí! Bí a bá sì ní ká tún un ṣe sí "ìfikújẹniníyà", ta ni yóò kọ ọ́ sára pátákó?

Mo gbà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n pé ọ̀rọ̀ kan kò tó. Ní Nàìjíríà, ọ̀tọ̀ ni kí adájọ́ dájọ́ ikú, ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n pa ẹni náà. Ní oṣù Keje 2021, Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nígbà náà, sọ ní Òṣogbo pé 3,008 ènìyàn tí wọ́n ti dájọ́ ikú fún ló wà lẹ́wọ̀n, ó sì rọ àwọn gómìnà pé kí wọ́n buwọ́ lùwé. Ọ̀pọ̀ gómìnà kì í fẹ́ buwọ́ lù ú. Ẹ wá fi wé iye tí wọ́n yẹgi fún ní ìlú Bìní: mẹ́rin ní 2013, mẹ́ta ní 2016. Ẹni tó bá ní kí ìdájọ́ ikú kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn aṣòfin ló ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ní "ẹ má pa wọ́n", gómìnà ló ń bẹ̀. Bí a bá da méjèèjì pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ kan, ẹ̀bẹ̀ náà kò ní mọ ilé tí yóò yà sí.

Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ tó múlé gbè wá fi èyí hàn kedere. Ilé-ẹjọ́ tó ń rí sí òfin ilẹ̀ wọn fòpin sí ìdájọ́ ikú ní 2016, síbẹ̀ àwọn mẹ́rìnlá tí wọ́n ti dá a fún tẹ́lẹ̀ wà níbẹ̀ títí di 2018 kí ìjọba tó yí i padà sí ẹ̀wọ̀n gbére.

Nítorí náà, "ìdájọ́ ikú" ni kí a fi sílẹ̀ fún ohun tó wà nínú ìwé òfin. Fún pípa náà, "yẹgi fún" ló wà lẹ́nu ará ìlú, àmọ́ okùn nìkan ló ń tọ́ka sí. Ìbọn ni wọ́n fi pa Ìṣọ̀lá Oyènúsì, adigunjalè nì, ní Bar Beach l'Ékòó ní 1971, òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2015 lórí ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn sì fi abẹ́rẹ́ ikú kún okùn. (Ẹni tó ní ká jí "tẹ̀tú", orúkọ àwọn tó ń bẹ́ orí ọ̀daràn láyé Ọ̀yọ́, dìde fún òṣìṣẹ́ tó ń pa ẹlẹ́wọ̀n, ẹ jọ̀ọ́, oyè ni yẹn, ẹ má fi dá a lọ́lá.) Èmi fara mọ́ "pípa" lásán: "Kí ìjọba yé pa ẹlẹ́wọ̀n." Kò sẹ́ni tí kò ní mọ ẹni tó ń pààyàn níbẹ̀.

Ibi tí a ti nílò ọ̀rọ̀ tuntun lóòótọ́ ni irú ohun tí Bẹ̀nẹ̀ ṣe fún àwọn mẹ́rìnlá yẹn. Orí rédíò, "ìdáríjì" ni wọ́n ń pè é. Bí ìdílé ẹni tí ọ̀daràn náà pa bá gbọ́ ọ, wọn á rò pé apààyàn ti ń bọ̀ nílé, inú á sì bí wọn sí àwa tí a ń polongo. Wọn kò dárí ji ẹnikẹ́ni o, ẹ̀wọ̀n ló ṣì wà. "Ìpààrọ̀ ìdájọ́" ni mo ti ń lò, ṣùgbọ́n ó lè túmọ̀ sí pé ìdájọ́ tuntun le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù ú lọ, kó gbé e síwájú wa.