Àárẹ̀ ìgbà òtútù: kí lojú yín rí?

Ọmọ Òkè-Baálẹ̀

Ẹ kú ilé, ẹ kú ọ̀nà o. Òṣogbo ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo wà báyìí, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta ni mo lò ní Aberdeen, lókè lọ́hùn-ún ní Scotland. Àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Dundee pè mí lánàá. Ó ní, "Àǹtí mi, ó ń rẹ̀ mí, mi ò sì mọ ohun tí mo ṣe tó fi ń rẹ̀ mí." Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn. Ẹni tójú ẹ̀ bá ti rí i, kó wá sọ tiẹ̀.

Oṣù kẹsàn-án ni mo dé ọ̀hún, kò kọ́kọ́ sí wàhálà. Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, wọ́n dá ago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Mo tilẹ̀ ń yọ̀ pé wọ́n fún mi ní wákàtí kan oorun lọ́fẹ̀ẹ́. Mi ò mọ̀ pé ilẹ̀kùn ni wọ́n ń tì. Nígbà tó máa fi di ìparí oṣù kejìlá, ago mẹ́sàn-án kù díẹ̀ kí oòrùn tó yọ, tó bá sì di ago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán, ó ti wọ̀. Oúnjẹ ọ̀sán ò tíì dà nínú ẹni, adìẹ ti ń wọlé sùn. Níbí, nínú oṣù kejìlá kan náà, ilẹ̀ ti mọ́ kí ago méje tó lù, oòrùn kì í sì í wọ̀ títí di ago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Wákàtí márùn-ún gbáko ni wọ́n ń rẹ́ mi jẹ lójúmọ́. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe, mò ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, mò ń wọlé lẹ́yìn tó ti ṣú. Ọ̀sẹ̀ kan wà tí mi ò fojú kan oòrùn rárá.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá eré. Mo jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, mo ti wọ ìbọ̀sẹ̀ kan, ìkejì wà lọ́wọ́ mi. Mò ń wò ó. Mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ ló kàn. Mo mọ̀ pé bọ́ọ̀sì máa kọjá ní ago mẹ́fà ku ogún ìṣẹ́jú. Ọwọ́ ni kò gbéra. Bọ́ọ̀sì dé, mo gbọ́ bó ṣe mí fùú níwájú ilé, mo gbọ́ bó ṣe lọ, ìbọ̀sẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Wákàtí mẹ́wàá ni mo sì fi sùn lóru yẹn o! Ṣe ni mo jí bí ẹni tó gún iyán ìnáwó mọ́jú.

Ebi náà wá di ti ọ̀tọ̀. Búrẹ́dì, ìrẹsì, bísíkíìtì, ohunkóhun tó bá ṣáà ti dùn tó sì ń kún inú. Ṣòkòtò tí mo gbé láti ilé kọ̀ láti wọ̀ mí mọ́. Màmá mi ní ọwọ́ ayé ni, kí n gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbà á. Ààwẹ̀ tún wá bu àárẹ̀ lé àárẹ̀.

Ìyá arúgbó kan tí mò ń wẹ̀ fún ló là mí lójú. Ó ní mò ń ṣe bí òdòdó tí wọ́n gbé pamọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ní òun tí wọ́n bí síbẹ̀ pàápàá, ó ń ṣe òun. Ló bá ní kí n lọ rí dókítà.

Dókítà gba ẹ̀jẹ̀ mi, fítámì D mi ti lọ sílẹ̀ pátápátá. Ó ní láti nǹkan bí oṣù kẹwàá títí wọ oṣù kẹta, oòrùn ibẹ̀ kò lágbára tó láti fi jẹ́ kí awọ ara ṣe fítámì yẹn, àti pé dúdú tí àwa dú yìí, tó ń gbà wá lọ́wọ́ oòrùn nílé, òun ló ń fa tiwa sẹ́yìn lọ́hùn-ún. Máíkírógíráàmù 10 lójúmọ́ ni wọ́n gba gbogbo ará ìlú níyànjú láti máa lò nígbà òtútù. Wọ́n ní kí àwa aláwọ̀ dúdú tilẹ̀ rò ó láti máa lò ó yípo ọdún. Mo lò ó. Kí n má purọ́, òun nìkan kò gbé mi dìde.

Dókítà ní orúkọ wà fún àárẹ̀ ìgbà òtútù yìí, seasonal affective disorder, wọ́n ń gé e kúrú sí SAD. Mo lọ kà nípa rẹ̀ fúnra mi. Norman Rosenthal, dókítà ọmọ Johannesburg tó ṣí lọ sí New York, lòun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún un lórúkọ lọ́dún 1984, ara òun fúnra rẹ̀ ló sì ti kọ́kọ́ fura sí i. Inú mi dùn sí ibi tí mo ti ka ìyẹn ju oògùn lọ. Ọmọ ilẹ̀ olóòrùn bíi tèmi ni. Ohun tí mo lóye níbẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ ojú ẹni láàárọ̀ ló ń sọ fún ọpọlọ pé ilẹ̀ ti mọ́, kó dáwọ́ mẹlatónìn tó ń pe oorun dúró. Tí ìmọ́lẹ̀ ò bá wá, ọpọlọ á gbà pé òru ṣì ni. Èèyàn á wá máa fi ara òru ṣiṣẹ́ ọ̀sán.

Iná kan wà tí wọ́n ń tà fún un, oní-10,000 lux (lux ni wọ́n fi ń wọn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó). Gbájúẹ̀ ni mo kọ́kọ́ pè é. Iná lásán, tówó ẹ̀ tó owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì! Àmọ́ mo rà á. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ kọ́sítáàdì mi láràárọ̀, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mi ò wò ó lójú kòrókòró, ó kàn ń tàn sí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú. Ọjọ́ kan mo ṣìṣe, mo tàn án nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́. Ago méjì òru, ojú mi là kedere bí ti ẹja. Ó tó bí ọjọ́ mẹ́wàá kí n tó rí ìyàtọ̀, ìyàtọ̀ náà ò sì pọ̀: ìbọ̀sẹ̀ kejì ń wọ ẹsẹ̀. Ohun kejì ni pé mo ní kí ọ̀gá mi jẹ́ kí n máa jáde fún ogún ìṣẹ́jú lọ́sàn-án, òjò ni o, síno ni o. Ó ráhùn, ó sì gbà. Ọdún kẹta, ó ṣì ń rẹ̀ mí. Àmọ́ mi ò pàdánù bọ́ọ̀sì mọ́.

Ìyá Aláró

Ọmọ mi, o ò purọ́. Èmi náà dé Winnipeg ní Kánádà, mo lọ bá ọmọ mi tọ́jú ìkókó. Oṣù kọkànlá ni wọ́n mú mi lọ, àfi bíi pé wọ́n bínú sí mi.

Iṣẹ́ àdìrẹ ni mò ń ṣe ní Òṣogbo níbí. Àwa, ojú ọ̀run la fi ń ṣètò ọjọ́. Tí oòrùn bá yọ, a ó rẹ aṣọ, a ó sá a. Tí kò bá yọ, a ó jókòó. Mo wá dé ilé kan tí kọ́tìn nípọn bí ẹní, tí wọn kì í sì í ṣí i, pé òtútù á wọlé. Ọ̀sán, òru, iná mànàmáná la fi ń ríran. Lọ́sẹ̀ kejì, orí àga ni mo máa ń sùn lọ tòun ti ọmọ láyà mi. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní arúgbó ti dé sí mi nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, mo dìde, mo fa gbogbo kọ́tìn yẹn sápá kan. Háà! Oòrùn wà níta! Ó ń tàn sórí síno tí ojú fi ń ta mí, kò kàn lóoru ni, àfi bí iná gílóòbù. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀bá fèrèsé ni mo gbé àga mi sí. Ọkọ ọmọ mi ń ráhùn owó hítà. Mo ní kó ka iye rẹ̀ mọ́ owó ìtọ́jú ọmọ tí kò san fún mi.

Ọmọ Òkè-Baálẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́, Màmá! Ẹ ti lo ọgbọ́n tí dókítà ń gba owó kó tó sọ. Ohun kan ni kí n fi kún un: ìmọ́lẹ̀ ẹ̀bá fèrèsé dára fún oorun àti ọpọlọ, ṣùgbọ́n gíláàsì kì í jẹ́ kí apá oòrùn tó ń ṣe fítámì D kọjá. Ìyẹn, ẹ ó gbé e mì.

Òwìwí Òkè-Fìà

Èmi ò kọjá Èkó rí, síbẹ̀ mo mọ wíntà. Mò ń bá àwọn ará Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ojúmọ́ tiwọn ni òru tiwa. Mo fi páálí àti náílọ̀n dúdú dí fèrèsé mi kí n lè máa sùn lọ́sàn-án. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fún oṣù mẹ́jọ. Ní Òṣogbo, nínú oòrùn tó ń sun páànù! Ìyàwó mi ní tí àlejò bá bi òun pé ọkọ òun ńkọ́, òun á ní ó wà lórí igi.

Ohun tẹ́ ẹ sọ yìí gẹ́lẹ́ ló ṣe mí, títí dórí búrẹ́dì. Nígbà tó yá, mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n jẹ́ kí n máa parí iṣẹ́ ní ago kan òru. Mo wá ń jí ní ago mẹ́jọ, mo ń fẹsẹ̀ rìn lọ ra ẹ̀kọ àti àkàrà. Ẹ̀kọ yẹn ni oògùn mi.

Ọmọ Ọjà-Ọba

Ẹ jẹ́ n yà wá sí ọ̀nà kan díẹ̀, torí gbogbo yín ti ń di ẹrù lé òkùnkùn lórí.

Leeds ni mo gbé. Àwa mẹ́rin la wà nínú ilé, gbogbo wa la jọ ń ráhùn. Tí mo bá ní ó rẹ̀ mí, wọ́n á ní, "Wíntà ni." Èmi náà gbà. Wíntà lọ. Ó di oṣù karùn-ún, ilẹ̀ ń mọ́ ní ago márùn-ún àárọ̀, ó ṣì ń rẹ̀ mí. Mo ní bóyá wíntà ò tíì jáde lára mi tán ni. Tí mo bá gun àtẹ̀gùn ilé wa, ilé alájà méjì péré, àyà mi á máa lù bí ẹni tí wọ́n lé bọ̀ láti Ìkìrun.

Ohun kan sì wà tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mò ń jẹ yìnyín. Nínú òtútù yẹn! Mo máa ń dì í sínú abọ́ kékeré nínú fíríìjì, tó bá di òru, mo dìde, mo rún un wómúwómú bí ẹni ń jẹ egungun adìẹ. Ẹni tí yàrá rẹ̀ kan tèmi ní òun rò pé eku ló ń jẹ ilé.

Nọ́ọ̀sì tó rí mi kò tíì fọwọ́ kàn mí tó fi bi mí pé, "Ǹjẹ́ o máa ń jẹ yìnyín?" Ojú tì mí, ẹ̀rù sì bà mí. Mo ní ta ló sọ fún un? Ó ní bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe ọ̀pọ̀ ẹni tí irin inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti tán. Wọ́n wo hemoglóbìn mi, ìyẹn ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé atẹ́gùn kiri ara, 7.1 ló jẹ́. Ti obìnrin tí kò lóyún yẹ kó tó 12. Fáíbírọ́ìdì, kókó tó ń hù nínú ilé ọmọ, ló wà nídìí ẹ̀. Nǹkan oṣù mi ń wá ní ọjọ́ mẹ́sàn-án, mo sì rò pé bí ti gbogbo obìnrin ìdílé wa ṣe rí nìyẹn, torí bẹ́ẹ̀ ni màmá mi àti àǹtí mi máa ń sọ ọ́, wọ́n á tún fi rẹ́rìn-ín.

Wọ́n fún mi ní oògùn ẹ̀jẹ̀, wọ́n ní kí n má fi tíì lé e, pé tíì kì í jẹ́ kó wọ ara dáadáa. Omi ọsàn ló dáa. Ìgbẹ́ mi dúdú bí èédú, wọ́n ti kìlọ̀ fún mi. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo ṣí fíríìjì, mo rí yìnyín, kò wù mí. Mo dúró níbẹ̀, mo ń wò ó. Àfi bí ìgbà téèyàn rí ọkọ àárọ̀ tí kò wù ú mọ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi. Torí náà, ẹ ra iná, ẹ mu fítámì, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀jẹ̀. Pàápàá ẹ̀yin obìnrin. Nílé níbí, PCV, àyẹ̀wò tó ń sọ bóyá ẹ̀jẹ̀ èèyàn tó, kì í ṣe ohun tó ṣòro ó wò.

Ẹni tí ò dárúkọ

Àárẹ̀ tèmi kọjá oorun. Ó dé ibi tí mò ń bi ara mi pé kí ni mo tilẹ̀ ń jí fún. Mi ò sọ fún ará ilé, owó ni wọ́n ń retí lọ́dọ̀ mi, wọn ò retí ẹkún. Mo sọ fún dókítà lọ́jọ́ tí mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Oògùn àti ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló yọ mí. Tó bá ti débẹ̀ fún ẹnikẹ́ni níbí, kó má dúró de oṣù kẹta kí oòrùn tó padà. Mi ò ní gùn ún jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá Aláró

Ìwọ tó sọ̀rọ̀ tán yìí, o kú ìrọ́jú. Ìwọ kọ́ ni yóò fara gbá a lẹ́ẹ̀kejì. Mo ti fi ọ́ sínú àdúrà òwúrọ̀ mi, mi ò ní bi ọ́ lórúkọ.

Àbúrò Dundee

Àǹtí mi, ẹ ti wá gbé mi sójú táyé! Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ń kà á. Ago mẹ́rin ò tíì lù, gbogbo iná títì ti tàn. Iná yín yẹn ńkọ́, ṣé ó ṣì wà?

Ọmọ Òkè-Baálẹ̀

Mo ti tà á fún ọmọ Gánà kan nígbà tí mò ń bọ̀ nílé. Ra tìẹ. Lọ wo ẹ̀jẹ̀ ná, kó o tó rà á. Abẹ́ igi máńgòrò bàbá wa ni mo jókòó sí o, oòrùn ti lé mi kúrò lójúde.

Ìyá Aláró

Ọmọ Dundee, kí lo jẹ láti àárọ̀?

Àbúrò Dundee

Búrẹ́dì, mà.